Mítà onídíjítà àti ìdènà iná: kí ló dé tí nọ́ńbà rẹ̀ kì í bá ohun tó wà níwájú wa mu?

WáyàPupa

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà inú iṣẹ́ iná. Ìbéèrè mẹ́ta ni mo gbé wá, gbogbo wọn ló dá lórí wíwọn ìdènà iná. Mítà ọwọ́ mi ni yẹ́lò kékeré olówó pọ́ọ́kú tó kún ọjà, èyí tí à ń fọwọ́ yí sí 200, 2000, 20k, 200k tàbí 2000k.

Àkọ́kọ́: résísítọ̀ kan wà lórí bọ́ọ̀dù anpilifáyà. Ìlà ara rẹ̀ jẹ́ yẹ́lò, èsè àlùkò, pupa, góòlù, ìyẹn 4.7 kΩ. Mítà ń kà 3.20 lójú ìwọ̀n 20k. Ṣé ó ti bàjẹ́ ni?

Èkejì: áyọ́ọ̀nù 1000 W tí kò gbóná mọ́. Bí mo bá fi mítà kan ẹnu púlọ́ọ̀gì rẹ̀, "1" ló ń dúró lápá òsì, kò sí nǹkan mìíràn.

Ẹ̀kẹta: odidi rólù wáyà 2.5 mm², 100 m. Mítà ń kà 1.1 lójú ìwọ̀n 200. Báwo ni a ṣe ń mọ̀ bóyá bàbà gidi ni tàbí ayédèrú?

---

AlágbàṣeIná

Ẹ ṣeun tí ẹ kọ nọ́ńbà àti ojú ìwọ̀n pọ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń kọ "mítà kò ka nǹkan" lásán, kò sì sẹ́ni tó lè ti ibẹ̀ ran èèyàn lọ́wọ́.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ohun tí mítà ń ṣe bí a bá yí i sí Ω. Bátìrì inú rẹ̀ ló ń ti iná kékeré gba inú ohun tí a fẹ́ wọ̀n. Mítà á wo iye fólítì tó jókòó lórí nǹkan náà, á sì fi òfin tí Georg Simon Ohm ará Jámánì tẹ̀ jáde ní 1827 ṣírò rẹ̀: R = V ÷ I, ìyẹn ìdènà (R, tí à ń fi Ω wọ̀n) jẹ́ fólítì (V) tí a fi iná tó ń kọjá (I, áńpù) pín. Ìdí nìyẹn tí iná mìíràn kò fi gbọ́dọ̀ sí lára nǹkan náà rárá. Bí iná ìta bá dà pọ̀ mọ́ ti mítà, irọ́ ni nọ́ńbà yẹn. Bí ó bá jẹ́ iná NEPA, mítà lè jóná mọ́ni lọ́wọ́.

Nítorí náà, ẹ yọ púlọ́ọ̀gì kúrò lára ògiri. Pípa súwíìṣì nìkan kò tó, torí ó lè jẹ́ wáyà núítírà ni ẹni tó ṣe é gbé gba inú súwíìṣì, tí wáyà láìfù sì wà níbẹ̀ digbí. Bí ó bá jẹ́ bọ́ọ̀dù tó ń gba 230 V ni, kápásítọ̀ ńlá tó wà níwájú rẹ̀ lè gbé nǹkan bí 325 V DC pa mọ́ lẹ́yìn tí ẹ ti yọ ọ́. Ẹ má fi ìdí sikurudiráfà gbá a. Ẹ fi résísítọ̀ 2.2 kΩ, 10 W, tí ẹ ti fi rọ́bà wé ẹsẹ̀ rẹ̀, kan ẹsẹ̀ kápásítọ̀ méjèèjì fún ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún, kí ẹ wá fi mítà wò ó lójú fólítì DC. Bí kò bá tíì wálẹ̀ kúrò ní 1 V, ẹ tún un ṣe.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ti mítà fúnra rẹ̀. Wáyà dúdú wọ ihò COM, pupa wọ ihò tí wọ́n kọ Ω sí. Bí pupa bá wà nínú ihò 10A, "1" ni ẹ máa máa rí, ohun yòówù kí ẹ fi kàn. Ewu tó tún wà níbẹ̀ ni pé bí ẹ bá gbàgbé rẹ̀ sínú ihò yẹn, tí ẹ wá lọ wọn fólítì lẹ́nu sọ́kẹ́ẹ̀tì, ṣíọ́ọ̀tì ni ẹ fà yẹn, ihò 10A lára ọ̀pọ̀ mítà kékeré kò sì ní fíúsì.

Ẹ wá fi ẹnu irin méjèèjì kan ara wọn lójú ìwọ̀n 200. Ó yẹ kí ó ka nǹkan bí 0.2 sí 0.5. Ẹ mi wáyà náà lọ́rùn níbi tó ti wọnú ọwọ́ ìmúdání. Bí nọ́ńbà bá ń fò, wáyà ti já nínú rọ́bà. Ọ̀pọ̀ "mítà bàjẹ́" kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ní ti áyọ́ọ̀nù: "1" lápá òsì (OL lára àwọn mítà mìíràn) túmọ̀ sí pé ìdènà náà ju ojú ìwọ̀n tí ẹ yí i sí lọ, tàbí pé ọ̀nà ti gé pátápátá. Iye tó yẹ kí ẹ rí ni V² ÷ W. 230 × 230 ÷ 1000 = 52.9 Ω. Ojú ìwọ̀n 200 ló yẹ ẹ́. Ẹ kọ́kọ́ yí bọ́tìnnì ìgbóná rẹ̀ dé òpin, torí bí ó bá wà ní ibi pípa, ẹnu tẹmọsítáàtì (ohun tó ń ṣàkóso ìgbóná rẹ̀) ti là, ẹ ò sì ní rí ju "1" lọ bí áyọ́ọ̀nù bá tiẹ̀ dára. Bí "1" bá ṣì wà, ẹ tú u, kí ẹ wọ̀n ọ́n láti ẹnu irin agbóná gan-an.

---

AtúnBọ́ọ̀dùṢe

Ti résísítọ̀ rọrùn. Kò tíì bàjẹ́, ó kéré tán, nọ́ńbà yẹn kò fi hàn pé ó bàjẹ́. Ohun tí ẹ wọ̀n kì í ṣe résísítọ̀ nìkan. Gbogbo ọ̀nà tí iná lè gbà láti ẹsẹ̀ kan dé ìkejì lórí bọ́ọ̀dù ni mítà kà pọ̀. Bí ẹ bá ṣírò rẹ̀, 4.7 kΩ tó jókòó ní ẹ̀gbẹ́ 10 kΩ máa jẹ́ 4.7 × 10 ÷ 14.7 = 3.197 kΩ. Ẹ wo bọ́ọ̀dù yẹn dáadáa, 10 kΩ kan máa wà nítòsí tó bá a pín ọ̀nà, tàbí méjì tí àpapọ̀ wọn jẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ẹ yọ́ léèdì ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ṣoṣo, ẹ gbé ẹsẹ̀ yẹn sókè díẹ̀, kí ẹ tún un wọ̀n. Kò sí ìdí láti yọ ẹsẹ̀ méjèèjì, ẹ lè ba ojú bàbà bọ́ọ̀dù jẹ́. Ìlà góòlù túmọ̀ sí ±5%, nítorí náà ohunkóhun láàárín 4.465 kΩ àti 4.935 kΩ ló dára.

Òfin kan wà tó ń dín wàhálà yíyọ́ léèdì kù, ó sì wù mí kí gbogbo ẹni tó ń tún bọ́ọ̀dù ṣe mọ̀ ọ́n: bí kò bá sí iná kankan lórí bọ́ọ̀dù, tí kápásítọ̀ sì ti tú sílẹ̀, ohun tí ẹ máa kà lórí bọ́ọ̀dù kò lè ju iye résísítọ̀ náà lọ. Ó lè dọ́gba tàbí kó kéré. Nítorí náà, bí ẹ bá rí 6.8 kΩ lórí ohun tó yẹ kó jẹ́ 4.7 kΩ, ẹ má ṣe wulẹ̀ yọ́ nǹkankan láti mọ̀ ọ́n: résísítọ̀ yẹn ti sá kúrò ní iye rẹ̀. Àwọn tó bá ti gbóná pẹ́, pàápàá àwọn oní-kílóòmù ọgọ́rùn-ún sókè tó ń fi iná 325 V bẹ̀rẹ̀ pàwásápúláì, ló sábà máa ń sá sókè bẹ́ẹ̀.

Ẹ tún máa pààrọ̀ pupa àti dúdú. Bí nọ́ńbà bá yàtọ̀ púpọ̀ nígbà tí ẹ yí i padà, dáyódì tàbí tirasísítọ̀ kan wà lójú ọ̀nà. Bí nọ́ńbà bá sì ń gun òkè díẹ̀díẹ̀ láìdúró, kápásítọ̀ ni iná mítà ń kún. Ẹ ní sùúrù títí yóò fi dúró.

Ọwọ́ yín náà ńkọ́? Bí ẹ bá fi ìka méjèèjì di ẹnu irin mú, ara yín di résísítọ̀ kejì. Lórí 100 Ω, ẹ ò ní mọ̀ ọ́n. Lórí 1 MΩ, bí ara yín náà bá jẹ́ nǹkan bí 1 MΩ, ìdajì ni mítà máa kà, 500k. Ọwọ́ kan lè di ẹsẹ̀ kan mú, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ kejì, ẹ fi kọ́rọ́kódáílì (kílíìpù eléyín) mú un.

---

WáyàPupa

Ẹ ṣé gan-an ni. Mo gbé ẹsẹ̀ kan sókè, ó kà 4.66. 10 kΩ kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lóòótọ́.

Áyọ́ọ̀nù náà, tẹmọsítáàtì ti wà lókè pátápátá, "1" ṣì ni lẹ́nu púlọ́ọ̀gì. Nígbà tí mo tú u, ẹnu irin agbóná kà 52.6. Ibo ló kàn?

---

AlágbàṣeIná

Irin agbóná dára nìyẹn. 52.6, tí ẹ bá yọ ti wáyà mítà kúrò nínú rẹ̀, ó sún mọ́ 52.9 débi pé kò sí àríyànjiyàn. Nǹkan mẹ́ta ló kù, ẹ sì lè wọ̀n wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Okùn iná: láti ìka láìfù lẹ́nu púlọ́ọ̀gì dé ibi tó ti wọ áyọ́ọ̀nù, kò yẹ kó ju 0.5 Ω lọ lẹ́yìn tí ẹ bá ti yọ ti mítà. Núítírà bákan náà. Ẹ máa tẹ okùn náà síwá sẹ́yìn lọ́rùn áyọ́ọ̀nù bí ẹ ṣe ń wo ojú mítà, torí ibẹ̀ ló ti ń já jù lọ. Ẹ rántí wo fíúsì inú púlọ́ọ̀gì náà, bí ó bá jẹ́ púlọ́ọ̀gì ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta onígun.

Tẹmọsítáàtì: bí ẹ bá yí i sókè, ẹnu rẹ̀ méjèèjì gbọ́dọ̀ súnmọ́ 0. Bí ó bá ń kà 5 tàbí 20, tó sì ń fò, ojú ìpàdé rẹ̀ ti jóná.

Fíúsì ìgbóná: ohun kékeré gbọọrọ bí résísítọ̀ tí wọ́n sábà máa ń fi rọ́bà funfun bò. Ó máa ń jó lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kì í padà. 0 ni tàbí "1", kò sí àárín. Bí òun ló gé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi wáyà so ẹnu rẹ̀ pọ̀. Òun ló dúró láàárín tẹmọsítáàtì tó lẹ̀ mọ́ra àti iná tó máa jó aṣọ àti ilé. Wọ́n máa ń kọ ìwọ̀n ìgbóná rẹ̀ sí i lára. Irú nọ́ńbà kan náà ni kí ẹ rà. Ẹ fi kirímpù dè é, ẹ má fi léèdì, torí ooru áyọ́ọ̀nù léèdì fúnra rẹ̀ lè jó o kí ẹ tó parí.

Kí ẹ tó pa á dé, ẹ yí mítà sí 2000k, ẹ fi ẹnu kan sí ìka láìfù, èkejì sí irin ìsàlẹ̀ áyọ́ọ̀nù. "1" nìkan ló gbọ́dọ̀ wà. Lójú 200, láti ìka ilẹ̀ (wáyà aláwọ̀ ewé àti yẹ́lò) dé irin ìsàlẹ̀ yẹn, ó gbọ́dọ̀ wà nísàlẹ̀ 1 Ω.

---

OjúÌwọ̀n

Ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀rọ̀ kan sí i lórí yíyan ojú ìwọ̀n, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń sọ ìpéye nù. Ẹ mú résísítọ̀ 470 Ω. Lójú 200, "1". Lójú 2000, 470. Lójú 20k, 0.47. Lójú 200k, 00.5. Résísítọ̀ kan náà ni, ṣùgbọ́n bí ẹ ṣe ń gòkè ni ẹ ń gé nọ́ńbà rẹ̀ kù. Ojú ìwọ̀n tó kéré jù lọ tí kò fi "1" hàn ni kí ẹ lò.

Ìwé tó bá mítà wá máa ń kọ nǹkan bí ±(0.8% + 2). "2" yẹn kì í ṣe ìdá ọgọ́rùn-ún, nọ́ńbà ìkẹyìn lójú mítà ló ń sọ, tó lè fi méjì lọ sókè tàbí sísàlẹ̀. Lójú 200, nọ́ńbà ìkẹyìn jẹ́ 0.1 Ω. Bí ẹ bá wọn 100.0 Ω, àṣìṣe tí a gbà láàyè jẹ́ 0.8 + 0.2 = 1 Ω. Kò burú. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá wọn 1.0 Ω, 0.8% rẹ̀ kò tó nǹkan, 0.2 yẹn sì ti jẹ́ ìdá kan nínú márùn-ún odidi nọ́ńbà.

Èyí kan rólù wáyà WáyàPupa gan-an. Ó kà 1.1, bí wáyà mítà bá jẹ́ 0.3, ó ku 0.8. Òtítọ́ rẹ̀ lè wà níbikíbi láàárín 0.6 àti 1.0. Mítà tó ní bọ́tìnnì REL máa bá yín yọ 0.3 yẹn fúnra rẹ̀, àmọ́ kò ní mú 0.2 àìdánilójú yẹn kúrò.

Bátìrì 9 V tó ti rẹ̀ náà ń purọ́. Bí àmì bátìrì bá ti yọ lójú mítà, ẹ má gba nọ́ńbà kankan gbọ́ mọ́.

---

ẸnuSọ́kẹ́ẹ̀tì

Ẹ má bínú o, ṣùgbọ́n ó dà bíi pé ẹ ń fa ọ̀rọ̀ gùn. Fún iṣẹ́ ilé, bí mítà bá ti ké (lójú ìwọ̀n tó ń dún bí iná bá rí ọ̀nà kọjá), wáyà dára nìyẹn. Kí la fẹ́ fi 0.1 ṣe?

---

AlágbàṣeIná

Ọ̀gá mi, mi ò gbà, ẹ jẹ́ kí a fi nọ́ńbà sọ ọ́. Ọ̀pọ̀ mítà máa ń ké bí ìdènà bá ti wà nísàlẹ̀ 30 Ω tàbí 50 Ω. Ẹ mú hítà omi 2000 W. Ìdènà tirẹ̀ jẹ́ nǹkan bí 26.5 Ω, ó sì ń fa 8.7 A. Bí ìsokọ́ra kan lójú ọ̀nà rẹ̀ bá ní 1 Ω péré, nítorí pé sikurúù kò fún tàbí wáyà ti pọ́n dúdú, mítà á ké tayọ̀tayọ̀. Ṣùgbọ́n I² × R ní ojúko yẹn á jẹ́ nǹkan bí 70 W. Ìyẹn pọ̀ tó láti yọ́ rọ́bà sọ́kẹ́ẹ̀tì kó sì dáná sún ún. Sọ́kẹ́ẹ̀tì tí ìka kan rẹ̀ pọ́n tí ìkejì mọ́, ohun tó ṣẹlẹ̀ sí i nìyẹn.

Igbe mítà dára fún mímọ wáyà wo ló lọ síbo, tàbí fún wíwá ibi tó gé. Kò lè sọ fún yín pé ìsokọ́ra lè gbé ẹrù.

---

BàbàKìkìdá

Ẹ jẹ́ kí n bọ́ sórí rólù wáyà, torí ayédèrú pọ̀ lọ́jà, ilé sì ń jóná nítorí rẹ̀.

Iye tí ẹ máa fi wé nìyí. Ìlànà IEC 60228 (ìlànà àgbáyé fún wáyà iná) ní kí wáyà bàbà olókùn líle má ju iye wọ̀nyí lọ fún 1000 m ní 20°C: 1.5 mm² = 12.1 Ω; 2.5 mm² = 7.41 Ω; 4 mm² = 4.61 Ω; 6 mm² = 3.08 Ω. Ìdènà bàbà máa ń fi nǹkan bí 0.39% ga sí i fún gbogbo 1°C. Bí ọ̀sán bá gbóná dé 30°C, 7.41 á di 7.70. Rólù 2.5 mm² tó pé 100 m á jẹ́ 0.77 Ω. Bí ó bá jẹ́ alumíníọ̀mù tí wọ́n fi bàbà bò, á sún mọ́ 1.2 Ω. Bí ó bá jẹ́ bàbà gidi ṣùgbọ́n tí wọ́n dín in kù dé 2.0 mm², á jẹ́ nǹkan bí 0.96 Ω. Pẹ̀lú àìdánilójú 0.2, ojú Ω lè fura sí alumíníọ̀mù, kò lè dá 2.0 mọ̀ yàtọ̀ sí 2.5.

Ohun tó ń ṣiṣẹ́ ni kí ẹ fúnra yín ti iná tó pọ̀ gba inú wáyà náà, kí ẹ sì wọn fólítì níbi tí okùn tó gbé iná kò ti ní dá sí i. Ohun èlò: bátìrì 12 V kan tó kún, gílóòbù ọkọ̀ 12 V 21 W, àti mítà méjì, tàbí ẹyọ kan tí ẹ máa gbé kiri.

Ẹ bó ẹnu wáyà rólù méjèèjì ní 5 cm, ẹ fi sánpépà fá a kó dán. Láti orí pọ́sítíìfù bátìrì, ẹ gba inú gílóòbù, láti gílóòbù sínú mítà kìíní tó wà lójú 10A, láti ibẹ̀ sí ẹnu rólù kan, kí ẹnu kejì rólù padà sí nẹ́gátíìfù. Gílóòbù á tàn, díẹ̀ báyìí ló fi dínkù. Ẹ jẹ́ kó tàn fún ìṣẹ́jú kan kí iná rẹ̀ dúró.

Mítà kejì wà lójú 2000 mV DC. Ibi tí ẹ máa fi ẹnu rẹ̀ sí ṣe kókó: ara bàbà rólù fúnra rẹ̀, láàárín rọ́bà rẹ̀ àti ibi tí kọ́rọ́kódáílì bátìrì ti gbá a mú. Ẹ má fi sórí kọ́rọ́kódáílì. Bí ẹ bá fi sórí rẹ̀, ìdènà ìfarakanra kọ́rọ́kódáílì ti wọ inú ìṣirò. Bí ẹ bá fi sára bàbà, mítà fólítì fúnra rẹ̀ kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ fa iná, nítorí náà wáyà rẹ̀ kò dá sí nọ́ńbà.

Bí áńpù bá jẹ́ 1.70, ẹ máa rí nǹkan bí 1309 mV. 1.309 ÷ 1.70 = 0.77 Ω. Iná 1.7 A kò ní mú rólù gbóná, gbogbo rẹ̀ kò ju nǹkan bí 2 W lọ. Bí ó ṣe ká jọ kò sì ṣe nǹkankan, torí iná DC ni. Bí ẹ bá parí, ẹ kọ́kọ́ yọ pupa kúrò nínú ihò 10A.

---

FiríìjìTútù

Ẹ̀yin ọ̀gá, ẹ jẹ́ kí n bi yín léèrè nípa kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ firíìjì. Ẹsẹ̀ mẹ́ta ló yọ lára rẹ̀, kò sì sí àkọlé. Báwo la ṣe ń mọ èyí tó jẹ́ kọ́mọ̀ (ẹsẹ̀ tí kọ́ìlì méjèèjì jọ ń lò), sítáàtì (ti kọ́ìlì ìbẹ̀rẹ̀) àti ìrìn (ti kọ́ìlì tó ń ṣiṣẹ́ lọ)?

---

AtúnBọ́ọ̀dùṢe

Ẹ yọ rílè (tó ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀) àti ofalóòdù (tó ń gé iná bí ó bá gbóná jù) kúrò pátápátá, kí ẹsẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dá wà. Lójú 200, ẹ wọ̀n wọ́n ní méjì méjì. Ká ní ẹ rí 12, 21 àti 33. Èyí tó tóbi jù, 33, wà láàárín sítáàtì àti ìrìn; nítorí náà ẹsẹ̀ kẹta tí kò sí nínú 33 ni kọ́mọ̀. Láti kọ́mọ̀, èyí tó kéré, 12, ni ìrìn. 21 ni sítáàtì. Ìdánwò rẹ̀ sì wà nínú rẹ̀: 12 + 21 gbọ́dọ̀ jẹ́ 33. Bí àròpọ̀ kò bá bára mu ju díẹ̀ lọ, ẹ tún un wọ̀n; bí ó bá ṣì rí bẹ́ẹ̀, kọ́ìlì méjèèjì lè ti fara kan ara wọn nínú. Bí ẹ bá rí "1" láàárín èyíkéyìí, ó ti gé, tàbí ó ṣì gbóná púpọ̀ tí ofalóòdù inú rẹ̀, fún àwọn tó ní in nínú, ti là. Ẹ jẹ́ kó tutù kí ẹ tó dá a lẹ́bi.

Iye 12 àti 21 yẹn jẹ́ àpẹẹrẹ, kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ kọ̀ọ̀kan ní tirẹ̀. Àròpọ̀ yẹn ni kí ẹ gbájú mọ́.

Lẹ́yìn náà, ẹ fá ọ̀dà díẹ̀ lára páìpù bàbà, kí ẹ wọ̀n láti ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan dé ibẹ̀ lójú 2000k. Bí nọ́ńbà kankan bá yọ, kọ́ìlì ti fara kan ilé rẹ̀.

---

OjúÌwọ̀n

Ibi tí mo fẹ́ fi ìkìlọ̀ sí nìyẹn. "1" lójú 2000k kò túmọ̀ sí pé ó dára. Mítà yìí kì í fi ju fólítì díẹ̀ wọn nǹkan, iná tó máa wọ kọ́ìlì náà sì ń ga dé 325 V ní ṣóńṣó rẹ̀. Rọ́bà tó ti gbẹ tàbí tó gba ọ̀rinrin lè di iná mítà lọ́wọ́ mú, kó sì já síta lábẹ́ 230 V. Mẹ́gà (ẹ̀rọ tó ń fi fólítì ńlá wọn ìdènà rọ́bà wáyà) ni wọ́n ń lò fún irú èyí: 500 V DC, kí ìdènà náà má sì wà nísàlẹ̀ 1 MΩ fún wáyà ilé. Kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́, ẹ yọ gílóòbù LED, tẹlifísọ̀n àti ohunkóhun oníbọ́ọ̀dù, torí 500 V yẹn á pa wọ́n.

Hítà omi onírin tó pẹ́ nínú àká lásìkò òjò máa ń gba ọ̀rinrin sínú ẹ̀tù funfun tó wà nínú páìpù rẹ̀. Ẹ lè rí 300 kΩ láàárín irin rẹ̀ àti ara rẹ̀. Ní 230 V, iná tó ń jò níbẹ̀ kò tó 1 mA, ṣùgbọ́n bí 300 kΩ yẹn bá wálẹ̀ dé nǹkan bí 7.7 kΩ, 30 mA ti pé nìyẹn, ohun tí bíréékà tó ń ṣọ́ iná jíjò fi ń já. Sísá a sí ibi gbígbẹ tó gbóná sábà máa ń tó láti mú un padà sípò.

Ẹ má sì fi mítà yìí wọn ọ̀pá ilẹ̀ (irin tí a kàn mọ́lẹ̀ fún wáyà ilẹ̀). Irin méjì nínú ilẹ̀ tútù ń ṣe bíi bátìrì, iná àjèjì náà sì ń rìn nínú ilẹ̀. Bí ẹ bá pààrọ̀ pupa àti dúdú, ẹ máa rí nọ́ńbà mìíràn. Ẹ̀rọ tí wọ́n ṣe fún un ń ti iná tó ń yí padà gba inú ọ̀pá, ó sì ń lo èèkàn méjì sí i. Èèkàn àárín máa ń wà ní nǹkan bí 62% ọ̀nà sí èyí tó jìnnà jù.

---

ẸnuSọ́kẹ́ẹ̀tì

Ti ìsokọ́ra 70 W yẹn wọ̀ mí létí. Ìbéèrè kan ṣoṣo: gílóòbù 60 W àtijọ́, V² ÷ W fún un jẹ́ 882 Ω, ṣùgbọ́n 63 ni mo ń kà. Ó sì ń tàn. Kí ló dé tí ìṣirò yẹn bá áyọ́ọ̀nù mu tí kò bá gílóòbù mu?

---

AlágbàṣeIná

Irin inú wọn ló yàtọ̀. Ti áyọ́ọ̀nù jẹ́ níkúrómù, tí ìdènà rẹ̀ kì í yí ju ìdá díẹ̀ nínú ọgọ́rùn-ún lọ láàárín tútù àti gbígbóná. Ti gílóòbù jẹ́ tọ́ńsítẹ̀nì, tó ń gbóná ju 2000°C lọ; nígbà tó bá tutù, ìdènà rẹ̀ máa ń jẹ́ nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́tàlá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ti ìgbà tó ń tàn. 63 bá a mu dáadáa. Ìdí nìyẹn tí gílóòbù fi sábà ń jó ní kété tí wọ́n bá tẹ súwíìṣì.

Sẹ́nsọ̀ ìgbóná inú AC ń ṣe òdìkejì: èyí tó jẹ́ 10 kΩ ní 25°C máa ń wálẹ̀ sí nǹkan bí 6.5 kΩ ní 35°C. Ẹ dì í mọ́wọ́ bí ẹ ṣe ń wọ̀n ọ́n. Bí nọ́ńbà kò bá wálẹ̀, ó ti kú.

---

WáyàPupa

Áyọ́ọ̀nù ti ń gbóná, fíúsì ìgbóná ló gé, mo sì fi irú rẹ̀ kan náà sí i. Mo ti fi bátìrì àti gílóòbù wọn rólù náà: 1.68 A, 1296 mV. Ó jẹ́ 0.771 Ω. Ṣé kí n gbà pé bàbà gidi ni, 2.5 tó pé?

---

BàbàKìkìdá

Ẹ má tíì gbà. Ó ku gígùn. Rólù tó jẹ́ 80 m péré, tí bàbà rẹ̀ sì jẹ́ 2.0 mm², á fún yín ní 0.77 × 0.8 × 1.25, ìyẹn 0.77 gẹ́lẹ́. Àbùkù méjèèjì ń bo ara wọn mọ́lẹ̀, àwọn kan lọ́jà sì ń ṣe méjèèjì pọ̀. Ẹ wo nọ́ńbà gígùn tí wọ́n tẹ̀ sára rọ́bà rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ àti ní òpin, kí ẹ yọ ọ̀kan kúrò nínú èkejì. Bí kò bá sí nọ́ńbà lára rẹ̀, ẹ fi téèpù wọn 10 m, ẹ gé e, kí ẹ tún ìdánwò yẹn ṣe lórí rẹ̀ lójú 200 mV. Ní 1.70 A, ó yẹ kí ẹ rí nǹkan bí 131 mV. Bí ẹ bá rí 163, 2.0 mm² ni wọ́n tà fún yín.

Bí ẹ bá ní ìwọ̀n kékeré tí àwọn alágbẹ̀dẹ góòlù ń lò, ẹ bó 1 m, ẹ wọn bàbà ihòòhò rẹ̀. 2.5 mm² gidi máa wà láàárín nǹkan bí 21 g sí 22 g. Alumíníọ̀mù tí wọ́n fi bàbà bò kò ní ju nǹkan bí 9 g lọ, bó ti wù kí ojú rẹ̀ pupa tó.